Ṣé o mọ̀? Ibi tí ọwọ́ aṣòfin Òṣogbo kò dé

Ṣé o mọ̀ pé àwọn aṣòfin 26 tó ń jókòó ní Òṣogbo lè gbé owó-orí lé ilé àti ilẹ̀ wa, síbẹ̀ wọn ò lágbára lórí orúkọ ìpínlẹ̀ wọn, Ọ̀ṣun? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló sọ orúkọ náà, ní abala kẹta. Abala kìíní ti kọ́kọ́ kìlọ̀: òfin yòówù tó bá ta ko ìwé yìí, ibi tó ti ta kò ó di òfo.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n dán an wò? Nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, «Osun State» di «State of Osun». Ní 2012, ilé ìgbìmọ̀ ṣòfin lórí àsíá, àmì àti orin tuntun. (Lédè tiwa, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ni méjèèjì, kò sẹ́ni tó yọ lẹ́nu.) Lọ́yà kan ní Iléṣà bá pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Iléṣà, ìlú gómìnà gan-an, ní orúkọ tuntun yẹn kò bófin mu. Ìjọba ò yí orúkọ padà. Ìgbà tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè wọlé ní oṣù Kọkànlá 2022 ló pàṣẹ pé kí wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ fárígá: òfin làwọn ṣe, ó sì wà níbẹ̀!

Ṣé o mọ̀ pé ìwé òfin Nàìjíríà kan náà ka ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun lórúkọ-lórúkọ, 30? Èkó dá 37 kún 20 tiẹ̀. Ní 2004, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jù Lọ ní iṣẹ́ náà kò tíì parí, àfi bí àwọn aṣòfin Àbújá bá ṣe òfin tiwọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà nígbà tí ẹkùn ní ìwé òfin tirẹ̀? Ní oṣù Karùn-ún 1962, Ọọ̀ni Adérẹ̀mí, gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, yọ Akíntọ́lá nípò Olórí Ìjọba nítorí lẹ́tà tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí, láìsí ìdìbò nílé ìgbìmọ̀. Ẹjọ́ dé London. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní Ọọ̀ni jàre. Kí ni ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ṣe? Wọ́n tún ìwé òfin ẹkùn wọn kọ, wọ́n ní àtúnṣe náà ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó yọ Akíntọ́lá. Ó jókòó sípò rẹ̀.

Lónìí, kí orúkọ ìpínlẹ̀ tó lè yí padà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ilé méjèèjì ní Àbújá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 tún gbà. Òṣogbo ní ẹyọ kan nínú 36 yẹn.