Báàgì Èjìká Tàbí Báàgì Ẹ̀yìn: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Ju Àwo?

Lóṣù yìí, ojú ewé yìí kì í ṣe ti owó yíyá, kì í sì í ṣe ti ìpín èrè. Ọ̀rọ̀ ẹrù la fẹ́ sọ: bí èèyàn ṣe ń gbé e, ohun tó ń fi gbé e, àti iye tó yẹ kó ná lé e lórí. Eré kan tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà ló bí ọ̀rọ̀ náà. Disc golf ni wọ́n ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní eré àwo jíjù.

Ẹnìkan lè sọ pé, kí ló kàn wá nínú eré òyìnbó? Ó kàn wá o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Iṣẹ́ gbígbé èèyàn dìde, gbígbé èèyàn jókòó ni. Ẹ̀yìn àti èjìká ni wọ́n fi ń jẹun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jáde lọ ṣeré lọ́jọ́ ìsinmi, kò yẹ kó jẹ́ pé eré ni yóò ba irin iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Eré yìí sì sún mọ́ wọn dáadáa, nítorí inú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú ni ọ̀pọ̀ pápá rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń wọ púpọ̀ nínú wọn.

BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń ṢE É?

Ẹni tó bá mọ gọ́ọ̀fù ti mọ ìdajì rẹ̀. Dípò ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kékeré, àwo pẹlẹbẹ oníke ni wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Dípò ihò inú ilẹ̀, apẹ̀rẹ̀ onírin kan ló wà lórí òpó, tí ẹ̀wọ̀n rọ̀ yí ká lókè rẹ̀. Bí àwo bá kọlu ẹ̀wọ̀n, á já bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, "ihò" náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ihò 18 ló wà ní pápá tó pé. Ẹni tí iye ìjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ló borí.

Ìtàn eré náà dùn, pàápàá létí àwa tí a mọ ọjà. Ní ọdún 1938, Fred Morrison àti ọmọbìnrin tó padà di aya rẹ̀ ń ju páànù tí wọ́n fi ń yan kéèkì síra wọn ní etí òkun Santa Monica, ní Kalifóníà. Ẹnìkan rí wọn, ó ní òun fẹ́ ra páànù náà ní sẹ́ńtì 25. Sẹ́ńtì 5 péré ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù! Kíá, Morrison ti mọ̀ pé ọjà dé. Nígbà tó yá, ó fi ike ṣe àwo tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ Wham-O sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1957. Òun ló di Frisbee.

Ed Headrick, tó bá Wham-O ṣiṣẹ́, ló tún àwo náà ṣe kó lè máa fò geere. Ní 1975 ni wọ́n ṣí pápá tó kọ́kọ́ là fún eré yìí, ní ọgbà Oak Grove, ní La Cañada Flintridge, Kalifóníà. Òun náà ló ṣe apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n, òun náà ló sì dá ẹgbẹ́ PDGA sílẹ̀ ní 1976, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin eré náà títí dòní.

IBI TÍ ẸRÙ TI WỌ̀ Ọ́

Láyé ìgbà yẹn, àwo kan tàbí méjì tó ẹni tó ń ṣeré. Ọwọ́ ló fi ń mú un kiri. Àmọ́ ní 1983, Dave Dunipace àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Innova sílẹ̀, wọ́n sì gbé àwo kan jáde tí etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ọ̀bẹ. Àwo yìí ń la afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì ń lọ jìnnà ju ti ìṣáájú. Láti ìgbà náà ni àwo ti di oríṣiríṣi: ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún ìtòsí apẹ̀rẹ̀. Òmíràn ń yà sọ́tùn-ún, òmíràn ń yà sósì, òmíràn ń lọ tààrà. Bí káfíńtà ṣe ń kó ayùn, òòlù àti rándà dání lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ju àwo náà ṣe wá di elẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í sá fún ìṣirò. Àwo kan wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 170. Mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ kílò kan. Ogún jẹ́ kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Omi lítà kan, kílò kan nìyẹn.

Ẹni tó kó àwo 7 àti omi àbọ̀ lítà sínú báàgì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kílò 2 àti díẹ̀ ló gbé. Ẹni tó kó àwo 20, omi lítà 2, agbòjò, aṣọ ìnura àti ìpápánu sínú báàgì ńlá tí òun fúnra rẹ̀ tó kílò kan àbọ̀ ńkọ́? Ó ti tó kílò 8. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ọmọ oṣù méje tàbí mẹ́jọ nìyẹn!

Ẹrù yìí kì í sì í ṣe èyí tí a gbé lẹ́ẹ̀kan tí a sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ìjù mẹ́ta-mẹ́ta ní ihò kọ̀ọ̀kan, ìjù 54 nìyẹn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á sì jù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ nínú ìjù yìí, wọ́n á gbé báàgì kalẹ̀, wọ́n á sì tún un gbé. Ìrìn rẹ̀ lè tó kìlómítà márùn-ún, nínú igbó, lórí òkè àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ báàgì fi kúrò ní ọ̀rọ̀ fáárí.

BÁÀGÌ ÈJÌKÁ

Èyí ni èyí tó ní okùn kan ṣoṣo. Ẹ lè gbé e kọ́ èjìká, ẹ sì lè ti ọrùn bọ̀ ọ́ kó dábùú àyà. Bí ẹrù bá kéré, ìwà rẹ̀ dára púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó yọ ọ́ tí ẹ ó gbé e kalẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ rí àwo yín kedere, ẹ ò ní máa fa sípù kiri. Òfin PDGA sì fún ẹni tí ìjù kàn ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré. Báàgì náà kì í bo ẹ̀yìn, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ mú èèyàn. Ẹni tó bá ti gbé Texas tàbí Florida ní oṣù keje mọ ohun tí à ń wí. Owó rẹ̀ náà kò ga: èyí tó mọ níwọ̀n kò ju nǹkan bí ogún dọ́là lọ.

Àmọ́ ẹ wo bí ara ṣe ń ṣe. Bí ẹrù bá wà lápá kan, ara á fì sí òdìkejì kí a má baà ṣubú. Iṣan ẹ̀yìn ní apá kejì á máa fà gan-an kó lè mú wa dúró. Èjìká tí okùn wà á rọra gbé sókè kí okùn má baà yọ̀, ọrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Fún kílò méjì, ìyẹn ò tó nǹkan. Fún kílò mẹ́jọ, fún wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ó sì lè jẹ́ èjìká yẹn gan-an ni yóò ju àwo.

Ẹni tó bá ń lo báàgì èjìká, kó wá èyí tí okùn rẹ̀ fẹ̀ tó sì ní fóòmù lábẹ́. Kó ti ọrùn bọ̀ ọ́. Bó bá gbé e sápá òsì láti ihò 1 dé ihò 9, kó yí i sápá ọ̀tún láti ihò 10 dé ihò 18. Ìyẹn ò ná an ní kọ́bọ̀.

BÁÀGÌ Ẹ̀YÌN

Èyí ni okùn rẹ̀ jẹ́ méjì, bíi ti àwọn ọmọ iléèwé. Ó pín ẹrù sórí èjìká méjèèjì, ó sì gbé e lé àárín ẹ̀yìn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa tí wọ́n fi ọ̀já pọn ọmọ, àwọn tó fi òṣùká ru igbá lọ sọ́jà, àárín ara ni gbogbo wọn gbé ẹrù lé. Ta ló máa gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ kọ́ èjìká kan rin kìlómítà márùn-ún?

Àwọn tó ń ṣe báàgì ẹ̀yìn fún eré yìí kì í ṣe é bíi ti iléèwé. Àwo máa ń wà ní ìsàlẹ̀, ní ìdúró, tí ẹnu ibẹ̀ sì kọjú sí iwájú. Bí ẹ bá ti gbé báàgì kalẹ̀, ẹ ó kàn fa èyí tí ẹ fẹ́ yọ ni. Òkè rẹ̀ wà fún aṣọ àti oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà fún ìgò omi. Bó bá jẹ́ ìgò kan lẹ gbé, ẹ fi nǹkan mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má baà fì. Ẹ fa okùn méjèèjì le kí báàgì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn; èyí tó bá ń mì jọ̀wọ̀lọ̀ lẹ́yìn ń fa èjìká sẹ́yìn ni. Bó bá ní bẹ́líìtì ìbàdí, ẹ dì í: ìbàdí lágbára ju èjìká lọ.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ó ń mú ẹ̀yìn làágùn. Gbígbé e wọ̀ àti bíbọ́ ọ gba ìṣísẹ̀ méjì. Ẹni tó bá gbé e kọ́ èjìká kan nítorí ìkánjú ti sọ ọ́ di báàgì èjìká tó wúwo, kò jèrè nǹkan kan. Owó rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó gbajúmọ̀ lè ju igba dọ́là lọ. Àléébù tó burú jù ni pé ó gba ẹrù púpọ̀. Báàgì tó lè gba àwo 20 kì í jẹ́ kí ọkàn olówó rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú 8. Á máa rà á kún un, títí tí báàgì tí a ní kó gba ẹ̀yìn là yóò fi di ẹrù lẹ́yìn.

Ọ̀NÀ MÌÍRÀN TÚN WÀ

Àwọn kan ń ta okùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ báàgì èjìká, tó ń sọ ọ́ di báàgì ẹ̀yìn. Ẹni tí báàgì rẹ̀ ṣì dára kò ní láti ra tuntun. Ọmọlanke kékeré náà wà, tí wọ́n ń fà lọ. Ó dára fún àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Bí pápá bá jẹ́ òkè, gbòǹgbò igi àti àtẹ̀gùn, fífà á á di iṣẹ́.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ ka ẹrù kí ẹ tó ka owó. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ máa ń gbé jáde sórí tábìlì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Àwo tí ẹ kò jù lẹ́ẹ̀mẹta tó kẹ́yìn tí ẹ ṣeré, ẹ fi í sílé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju àwo mẹ́ta lọ: ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún ìtòsí. Báàgì èjìká ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, bí gbogbo ẹrù kò bá kọjá kílò 3, èjìká kan lè gbé e. Bó bá ti ń sún mọ́ kílò 5, tàbí pápá yín jẹ́ olókè, ẹ lọ ra báàgì ẹ̀yìn, ẹ má ṣàárò owó náà. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí èjìká tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń dùn tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ dín ẹrù kù, kó sì lọ rí dókítà. Kò sí báàgì tó ń wo àìsàn.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ra báàgì lófìfo. Ẹ ní kí wọ́n kó ẹrù sí i, ẹ gbé e rìn, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ tún un gbé, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ tẹ eékún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn nìkan. Lẹ́ẹ̀kẹwàá yẹn, ara yín á sọ fún yín ju ẹni tó ń tà á lọ.

Ẹ bá wa ka ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn èèyàn yín lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ owó báàgì méjèèjì lè tó 180 dọ́là. Ẹni tó nílò báàgì ẹ̀yìn, kó ra ìlera ara rẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àwo mẹ́ta ṣì ń tó, kó fi ìyókù ránṣẹ́ sílé: ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé àjẹṣẹ́kù wa.