Gbòǹgbò Pẹ̀lú A Máa Mí: Ìwọ̀n Omi Nínú Ọ̀gbìn Aláìlérùpẹ̀

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé ènìyàn lè gbin ẹ̀fọ́ láìsí erùpẹ̀ yóò rò pé àlá ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1929, William Gericke ti Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà ti ń gbin tòmátì sínú omi tí a po ajílẹ̀ mọ́. Lónìí, garawa kan tí ó ní ìdérí tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ohun tí ó sì ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kì í ṣe àìtó omi, bí kò ṣe àpọ̀jù rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni èyí tí Bernard Kratky ti Yunifásítì Hawaii fi kọ́ni, èyí tí kò lo iná mànàmáná rárá. A ó lu ihò sí ìdérí garawa, a ó ki agolo kékeré tí ìdí rẹ̀ lu bọ̀ ọ́, a ó sì gbin ọmọ lẹ́tùsì sínú agolo náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, omi gbọ́dọ̀ kan ìdí agolo, nítorí gbòǹgbò ṣì kúrú. Bí ewéko ti ń mu omi ni omi ń fà, tí àlàfo sì ń ṣí sílẹ̀ láàrin omi àti ìdérí. Nínú àlàfo yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà: gbòǹgbò òkè ń mí níbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ń mu omi.

Ibi yìí gan-an ni ọkàn olóko kì í ti í balẹ̀. Yóò rí i pé omi ti fà dé ìdajì, àánú ewéko yóò ṣe é, yóò sì bu omi kún garawa dé ẹnu. Gbòǹgbò tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ lára yóò kú sómi. Láìpẹ́ ewé yóò rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, baba yóò sì tún bu omi sí i!

Bí omi bá kù díẹ̀ kí ó tán, ẹ bù ú sí i níwọ̀nba, kí àlàfo náà má baà dí. Nígbà tí oòrùn bá mú, omi lásán ni kí ẹ bù, nítorí ewéko a máa mu omi ju ajílẹ̀ lọ, ìyókù a sì máa ki. Kí ìdérí sé dáadáa nítorí ẹ̀fọn àti ọbẹ̀dò. Ẹni tí ó bá gbé tirẹ̀ síta, kí ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ garawa níbi tí kò fẹ́ kí omi kọjá. Òjò òru kan tó láti ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́.

Lẹ́tùsì lè tó kórè kí omi garawa tó tán. Tòmátì kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀mùmọ́yó ni. Fún un, àwọn kan a máa lo bọ́ọ̀lù aléfòó bí irú èyí tí ó wà nínú àpótí omi ilé ìyàgbẹ́: bí omi bá fà, bọ́ọ̀lù a sọ̀ kalẹ̀, omi titun a sì wọlé. Kí wọ́n so ó mọ́ ìsàlẹ̀, kí ó jìnnà sí ìdérí.