Gíà mọ́tò tó ń le: Ẹ dán èyí wò kẹ́ ẹ tó náwó sí gíábọ́ọ̀sì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Peugeot 504 àtijọ́ kó pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, tàbí tí wọ́n ń ná ọ̀nà Ogun Waterside, ló jẹ́ pé bí gíà bá ti ń le, owó gíábọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ ni wọ́n máa ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni àìsàn náà sábà máa ń wà.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí gíà náà. Tó bá ń wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ tó ń le tàbí tó ń ké bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú u sílẹ̀ tán. Ọ́ìlì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì 504. Tí ọ́ìlì inú ike rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, rọ́bà inú másítà tòkè tàbí tìsàlẹ̀ ló sábà máa ń jò. Owó rọ́bà kò sì tó owó gíábọ́ọ̀sì rárá. Wáyà ni ti Nissan Micra àtijọ́, wọ́n lè fà á.

Tó bá ṣì le lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wo àwọn irin àti bọ́ọ̀ṣì tó so ọ̀pá gíà mọ́ gíábọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì wo ọ́ìlì gíà. Irú èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà là kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ rọ, kì í ṣe èyíkéyìí tí mẹkáníìkì bá ṣáà ti bá nílẹ̀.

Àmọ́ tí gbogbo ìyẹn bá dáa, tó sì jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń ké, ìgbà yẹn ló tó kẹ́ ẹ ní kí wọ́n já a sílẹ̀.