Oríkì Ìyá Àgbà Nínú Fóònù: Ẹ Jẹ́ Kí Ohùn Náà Já Geere

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Ajamimogha àti gbogbo Warri ṣe ibùgbé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ rí. Àmọ́ ó yẹ kí a fín igbá náà dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, Píjìn ló yá lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ìdí nìyí tó fi dára kí a gba oríkì ilé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí òjò orí páànù bá bo ohùn mọ́lẹ̀, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tàbí ọkọ?

Yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ tó náwó sí máíkì. Ògiri sìmẹ́ńtì àti ilẹ̀ táìsì máa ń dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ á wá máa dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì tó nípọn àti aṣọ tí a fi kọ́ dára ju pálọ̀ òfìfo lọ. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì yan àkókò tí àdúgbò bá pa rọ́rọ́.

Ìkejì, ẹ sún mọ́ máíkì. Bí ẹ bá dín àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti máíkì kù sí ìdajì, agbára ohùn tó ń dé inú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 4, ariwo yàrá kò sì ní pọ̀ sí i. Íǹṣì 6 sí 8 tó. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀, kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú.

Máíkì kékeré tí a ń fi há aṣọ láyà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ti ọ̀dọ̀ James West, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, wá. Bell Labs ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1962.

Ní ti ìpè, ẹ má fi ìka dí ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ fóònù, ibẹ̀ ni máíkì rẹ̀ wà. Okùn etí tó ní máíkì dára ju kí a ṣí fóònù sílẹ̀ gbàgà, nítorí ohùn ẹni tó pè á tún máa padà sí i létí.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 1 sílẹ̀, kí ẹ fi okùn etí gbọ́ ọ, kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kí ohùn náà má baà fúnpọ̀. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbòmíràn, nítorí fóònù lè bọ́ sómi, olè sì lè gbé e lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù o.