Ẹ̀ṣẹ́ Joshua: láti gìgísẹ̀ ló ti ń bọ̀

Nígbà tí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Anthony Joshua fẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún gbé Jake Paul ṣánlẹ̀ ní abala kẹfà ìjà wọn ní Miami, lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ojú méjì ni eegun àgbọ̀n Paul ti ṣẹ́. Láti Ìbàfò títí dé Ṣàgámù, níbi tí ìdílé Joshua ti ṣẹ̀ wá, apá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń royìn. Apá náà tóbi lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ló yẹ ká máa wò.

Lọ́dún 1985, Filimonov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Soviet Union gbé èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò 120 jáde. Wọ́n wo ohun tí apá, agbedeméjì ara àti ẹsẹ̀ ń dá sí agbára ẹ̀ṣẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, ẹsẹ̀ ń kó bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún, apá ò ju bíi 24 lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ ò tíì yé dáadáa, apá ló ń kó 38, ẹsẹ̀ wá já sí bíi 17.

Ẹ wo abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó mọṣẹ́ dáadáa, tó fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún. Gìgísẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀, ẹsẹ̀ á yí, ìbàdí á tẹ̀ lé e, èjìká á gbà á, ọwọ́ ló máa ń dé kẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá ṣáájú ìbàdí pẹ́nrẹ́n, apá nìkan ló kù tó ń jà.

Èyí tó wù mí jù ni ohun tí olùwádìí Stuart McGill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà rí lára àwọn ògbóǹtarìgì oníjà lọ́dún 2010. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣan wọn ń le nínú ìkọlù kan ṣoṣo. Ó ń le láti ta ara síwájú, ó ń dẹ̀ lójú ọ̀nà kí ọwọ́ lè sáré, ó sì tún ń le bó bá ṣe ń kan ẹni tí wọ́n ń bá jà. Líle kejì yìí ló ń sọ ọwọ́ àti ara di ọ̀kan. Láìsí i, ẹ̀ṣẹ́ á dà bí òòlù tí orí rẹ̀ ti tú lára igi. Ẹni tó sì le gbagidi láti ìbẹ̀rẹ̀ ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn ni.

Ìwọ̀n ara nìkan ò sì tó. Francis Ngannou ará Kamẹrúùnù, tó wa yanrìn nígbà èwe rẹ̀ ní Batié, ti fẹ̀ṣẹ́ gbé Tyson Fury ṣubú lóṣù Kẹwàá ọdún 2023. Nígbà tí òun àti Joshua pàdé ní Riyadh lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2024, Ngannou fi bíi kílò mẹ́sàn-án wúwo ju Joshua lọ. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Joshua gbé e ṣánlẹ̀, abala kejì ni ìjà sì parí.

N kò sọ pé ìwọ̀n ara ò já mọ́ nǹkan o. Joshua wúwo ju Paul lọ dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pín oníjà sí ẹgbẹẹgbẹ́. Àwọn kan ní àbímọ́ ni ẹ̀ṣẹ́ líle. Ìyára iṣan lè jẹ́ àbímọ́, lójú tèmi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣe é kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàfò tí ẹ ń gbé irin láràárọ̀ kí ẹ̀ṣẹ́ yín lè le, ẹ wá olùkọ́ tó mọṣẹ́ lọ. Ẹ ní kó kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń dúró.