Hakeem Ọlájuwọ̀n: Ọmọ Onísìmẹ́ǹtì Tó Gba Adé ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Owó àjọ obìnrin kan àti ọ̀la ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sàngó wá bá mi nílé ní Ọ̀tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì tí mò ń kọ́. Ọmọ náà ga bí òpó iná, òun ló sì ń ṣọ́lé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wa. Ìyá náà jókòó, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì gbé owó tí ó fi rọ́bà dì kalẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, "Tíṣà, àjọ tí mo dá látọdún tó kọjá nìyí. Ọkùnrin kan ló ní òun yóò mú ọmọ yìí lọ sí òkè òkun láti lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní kí n san owó ìwé ìrìnnà. Bàbá rẹ̀ kò gbà ní tirẹ̀. Ó ní kí ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n ṣe?"

N kò tètè dáhùn. Ní Ọ̀tà wa níbí, iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn, ọ̀pọ̀ ilé ló ń bọ́. N kò sì fẹ́ já ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù kulẹ̀. Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́, ọkọ̀ àjàgbé kan tó kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò ń kọjá lọ sọ́nà Èkó, ilẹ̀ ń mì tìtì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọmọ onísìmẹ́ǹtì kan fún yín."

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963 ni wọ́n bí Hakeem Ọlájuwọ̀n ní Èkó. Sìmẹ́ǹtì ni Salim bàbá rẹ̀ àti Àbíkẹ́ ìyá rẹ̀ ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òwò náà mọ̀ pé kò fẹ́ ọ̀lẹ, kò sì fẹ́ aláìbìkítà: bí òjò bá wọ àpò díẹ̀, èrè ọ̀pọ̀ àpò ti bá a lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí ní òótọ́, iṣẹ́ àti ìbọ̀wọ̀ fún àgbà.

Muslim Teachers' College ní Èkó ni ó lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ o: ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni! Ó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi gíga rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ní ti bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kò fọwọ́ kàn án rárá títí ó fi di ọ̀dọ́langba. Níbi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó wáyé ní Sókótó ni wọ́n ti fi í sí i. Ganiyu Otenigbade wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìlànà eré náà ní Èkó. Láìpẹ́ ó ti ń gbá a fún Nàìjíríà.

Ará Amẹ́ríkà kan rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì sọ nípa rẹ̀ fún Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Houston. Wọ́n ní kó wá kí àwọn wò ó. Nígbà tó balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ní 1980, kò rí ẹnikẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Ẹni tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún lẹ́yìn náà, takisí ló gbé e débẹ̀!

Wọn kò sì jẹ́ kó bá wọn díje ní ọdún àkọ́kọ́, ìgbáradì nìkan ni. Bí ìsinmi bá dé, yóò lọ bá Moses Malone, ọ̀kan nínú àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tó le jù lọ nígbà náà, kí ó lè máa fi ara gbá a kó sì kọ́gbọ́n. Ọmọ tí kò bá fẹ́ kí ọ̀gá na òun kò ní mọṣẹ́.

Ní 1983, ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì. North Carolina State fi àmì 54 sí 52 nà wọ́n. Ní 1984, wọ́n tún débẹ̀, Georgetown sì fi 84 sí 75 nà wọ́n. Lọ́dún náà gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó ń yan àwọn ọmọ tuntun. Ọlájuwọ̀n ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú, ẹni kẹta tí wọ́n mú lọ́jọ́ náà ni Michael Jordan tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1986, wọ́n dé àṣekágbá, Boston Celtics lù wọ́n. Ní 1991, ìgúnpá alátakò kan fọ́ eegun ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ní 1992, ẹsẹ̀ ń dùn ún, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní ó ń díbọ́n ni, wọ́n dá a dúró. Inú bí i, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní, "Háà, Tíṣà! Ọdún mélòó wá ni gbogbo ìyà yìí?"

Mo ní, "Ìyá, láti 1980 dé 1994. Ọdún mẹ́rìnlá."

Ní 1994 ni Ọlọ́run dá a lóhùn. Houston àti New York Knicks ló kojú ara wọn fún ife. Ní ìdíje kẹfà, Houston fi àmì 2 péré ṣáájú, àkókò ti fẹ́ tán, John Starks ti New York sì ju bọ́ọ̀lù tí ìbá gba ife náà. Ọlájuwọ̀n nawọ́, orí ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, kò sì wọlé. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ aṣọ́lé ni! Houston borí ní ìdíje keje. Lọ́dún kan ṣoṣo náà, wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù lọ, àti akọni àṣekágbá. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́dún kan náà. Ní 1995, wọ́n tún gba ife, wọ́n na Orlando Magic tí Shaquille O'Neal wà ní ìgbà mẹ́rin léraléra. Nínú oṣù kejì ọdún náà, tí ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí, ó ń gbààwẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun náà ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù oṣù.

Ó ti di ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1993, ó sì bá wọn gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1996. Nígbà tí bàtà àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ń lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, ó bá Spalding dòwò pọ̀, wọ́n sì ń ta bàtà tó ní orúkọ rẹ̀ ní nǹkan bí dọ́là 35, kí àwọn ìyá tí kò lówó lè rí i rà fún ọmọ wọn. Ọmọ ọlọ́jà ni, ó mọ bí owó ti ń nira. Toronto ló ti gbá ọdún tó kẹ́yìn, ó sì fi eré sílẹ̀ ní 2002. Bọ́ọ̀lù 3,830 ni ó fi ọwọ́ dá padà, kò sì sí ẹni tó tíì dá tó bẹ́ẹ̀ padà nínú ìdíje wọn títí dòní.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán, ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ wò ó. Inú ilé ìwé ni wọ́n ti rí ọmọ yẹn. Yunifásítì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ló pè é. Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn kó wá bá wa ní ilé ìwé, kó mú lẹ́tà ẹgbẹ́ tó ń pe ọmọ yín dání, bó bá sì gba kọ́bọ̀, kó já rìsíìtì." Ó dì owó rẹ̀ padà. Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè yẹn ti kọjá tipẹ́, a kò rí i.

Èmi fúnra mi lọ bá bàbá ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ wa pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a fohùn ṣọ̀kan pé kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó kọ ìdánwò WAEC, kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá ní, "Tíṣà, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n bó bá fi ìdánwò yẹn ṣeré, ilé ẹ̀rọ ni o!"

Ẹ̀yin ará, n kò sọ pé ọmọ yìí yóò di Ọlájuwọ̀n. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù, ẹni kan lè má dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Ohun kan tún kù tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, Agùnfọn ni mo máa ń pe ọmọ náà ní kíláàsì, gbogbo wọn a sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo ń pè é. Ohun tí a fi ń ṣe ọmọ ní yẹ̀yẹ́ lè jẹ́ ohun tí Ọlọ́run fi ṣe é lóore.