Bí Wọ́n Ṣe Ń Rí Iṣẹ́ Tó Ń Lọ Lọ́wọ́ Nínú MongoDB

Ẹni tó bá tẹ db.currentOp() ń bi dátábéèsì MongoDB léèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, àdírẹ́sì ẹni tó bẹ̀ ẹ́, àkójọ dátà tó ń lò àti bó ṣe ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀.

Dwight Merriman, Eliot Horowitz àti Kevin Ryan ló dá 10gen, ilé-iṣẹ́ tó kọ MongoDB, sílẹ̀ ní New York lọ́dún 2007. Láwọn ọdún àkọ́kọ́ MongoDB, tó jáde ní 2009, àgádágodo kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo dátà orí kọ̀ǹpútà kan. Àwọn tó fẹ́ kà lè wọlé pọ̀, àmọ́ bí ẹnì kan bá ń kọ, àwọn yòókù á dúró síta. Ìdí nìyí tí db.currentOp() fi wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ojú-ìwé ọjà kan ṣàdédé dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Èsì currentOp lè fi ogún iṣẹ́ hàn tí wọ́n kọ waitingForLock: true (ó ń dúró de àgádágodo) sí lára, àti ẹyọ kan péré tí tirẹ̀ jẹ́ false, tó sì ti lo ìṣẹ́jú-àáyá 94. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ kò ní wá ẹlẹ́bi jìnnà. Á mú nọ́ńbà rẹ̀, á fi db.killOp() dá a dúró.

Nígbà tó yá, àgádágodo náà kéré sí i: ẹ̀dà 2.2 ti 2012 fún dátábéèsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, WiredTiger, ẹ̀rọ ìpamọ́ dátà tó bá ẹ̀dà 3.0 dé ní 2015 sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ nǹkan sínú àkójọ kan náà nígbà kan náà.

Ìṣòro tó le jù wá láti ibòmíràn. Láti ẹ̀dà 1.6 ti oṣù Kẹjọ 2010 ni wọ́n ti ń pín dátà sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, tí alárinà tó ń jẹ́ mongos sì ń pín ìbéèrè fún wọn. Ìbéèrè kan lè di mẹ́wàá lórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, ìpín tirẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì mọ̀. Nítorí náà ni mongos ṣe ń fi orúkọ ìpín ṣáájú nọ́ńbà iṣẹ́. Síbẹ̀, inú ìwé (document) kan ṣoṣo ni èsì currentOp ń wà, ìwé MongoDB kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́gábáìtì 16 lọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ, tí wọ́n nílò èsì náà gan-an, ni ààlà yìí lè di wàhálà. Ẹ̀dà 3.6 ti 2017 tú u ká pẹ̀lú $currentOp, tó ń kó iṣẹ́ jọ láti gbogbo ìpín, tó sì ń mú wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olùṣọ́ lè ṣa èyí tó fẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀dà 4.0 jẹ́ kí killOp kan láti ọ̀dọ̀ mongos dá ìbéèrè tó ń ka dátà dúró lórí gbogbo ìpín tó dé.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó dúró kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Àmì ni killOp ń fi sí i lára, iṣẹ́ náà á sì rí àmì yìí nígbà tó bá dé ibi tó ti lè dúró láìba nǹkan jẹ́. Bó bá jẹ́ àtúnṣe sí ẹgbẹ̀rún ìwé tí kò sí nínú transaction (ìdìpọ̀ iṣẹ́ tó ń yọrí pa pọ̀ tàbí kó má yọrí rárá), àwọn tó ti tún ṣe kó tó dúró kò ní padà sí bí wọ́n ṣe wà.